ẸNI TÓ NI IBODÈ LÓ NI ÌLÚ
Ohun Tí Ìjà àti Ìrẹ́pọ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú Jàpáànì Fi Yé Wa

Láti ọwọ́ Akọ̀wé Ìpolongo Ẹgbẹ́, Amukoko

Àwọn kan ń bẹ tí wọ́n ń rìn káàkiri ọjà àti oko, tí wọ́n ń wí fún yín pé ọ̀ràn owó ibodè àti àdéhùn òwò pẹ̀lú ilẹ̀ òkèèrè kò kan àgbẹ̀. Wọ́n ní iṣẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé ni. Wọ́n ní kí àgbẹ̀ mú ọkọ́ rẹ̀, kí alárù Àpápá ru ẹrù rẹ̀, kí àwọn ọlọ́lá sì máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Irọ́ ni. Irọ́ náà sì ti pẹ́ lórí ilẹ̀ yìí tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń jọ òtítọ́ lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ìtàn la fẹ́ fi tú u fó lónìí.

Ìtàn tí a mú wá ni ti Gẹ̀ẹ́sì àti Jàpáànì. Ẹnìkan lè bi wá pé: kí ló pa Amukoko pọ̀ mọ́ Jàpáànì? A dá a lóhùn pé ohun púpọ̀ ni. Kí ó jáde ní Amukoko, kí ó dorí kọ Àpápá, níbi tí ọ̀pọ̀ ará àdúgbò wa ti ń wá oúnjẹ òòjọ́ wọn. Yóò rí bárékè àwọn ọmọ ogun tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Arakan. Orúkọ yìí kì í ṣe Yorùbá, kì í ṣe Haúsá, kì í sì í ṣe Ìgbò. Orúkọ ilẹ̀ kan ní Bọ́mà ni, níbi tí àwọn baba wa ti bá Jàpáànì jà nítorí Gẹ̀ẹ́sì. Ta ló rán wọn lọ? Kí ni Jàpáànì fi ṣe wọ́n? Kí ni wọ́n mú bọ̀? Ẹni tó bá lè dáhùn ìbéèrè mẹ́ta yìí ti mọ ìdí tí a fi ń pariwo lórí ọ̀ràn ibodè.

Ní ayé àwọn baba ńlá wa, oníbodè a máa jókòó ní ẹnu odi ìlú. A máa gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ń ru ẹrù wọlé àti ẹni tó ń ru ẹrù jáde. Ọba àti ìlú ló yàn án, ìlú ló sì ń jẹ nínú owó náà. Kò sí ìlú kan tó jẹ́ fi àlejò ṣe oníbodè. Ẹ fi èyí sọ́kàn bí a ti ń lọ.

ÌBỌN KAN NÁÀ LÓ DÚN NÍLÙÚ MÉJÈÈJÌ

Ní 1613 ni àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ ṣí ilé òwò ní Hirado, ní ilẹ̀ Jàpáànì. Nígbà tí èrè kò tó, wọ́n di ẹrù wọn ní 1623, wọ́n bá tiwọn lọ. Jàpáànì wá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ̀pọ̀ Òyìnbó fún ohun tó ju 200 ọdún lọ. Nígbà tó di 1858, Gẹ̀ẹ́sì padà dé, Lord Elgin sì gba ìwé àdéhùn lọ́wọ́ wọn. Ìwé náà gba ohun méjì lọ́wọ́ Jàpáànì. Èkíní ni pé bí Gẹ̀ẹ́sì bá dẹ́ṣẹ̀ ní Jàpáànì, adájọ́ Jàpáànì kò gbọdọ̀ dá ẹjọ́ rẹ̀. Èkejì ni pé Jàpáànì kò lè dá nìkan pinnu iye owó ibodè tí yóò gbà lórí ọjà tó ń wọ ilẹ̀ rẹ̀. Ní 1866 wọ́n tún kan owó ibodè náà mọ́lẹ̀ sí nǹkan bí 5 nínú 100. Oníbodè Jàpáànì ti di ọmọ ọ̀dọ̀ àlejò.

Ẹ wo bí ó ti jọ tiwa. Ní Oṣù Kọkànlá 1851, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kọlu Èkó. Àwọn jagunjagun Kòsọ́kọ́ lé wọn padà. Ní Oṣù Kejìlá ọdún kan náà wọ́n tún padà wá, wọ́n fi àgbá sun Èkó, wọ́n lé Kòsọ́kọ́, wọ́n sì gbé Akítóyè padà sórí ìtẹ́. Ọdún 12 lẹ́yìn náà, ní Oṣù Kẹjọ 1863, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì dojú àgbá kọ ìlú Kagoshima ní Jàpáànì. Ohun tó fà á ni pé ní 1862 àwọn ẹ̀ṣọ́ olóyè ńlá Satsuma ṣá oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Richardson pa, nígbà tí kò yà fún olóyè wọn lójú ọ̀nà. Apá kan ìlú Kagoshima jóná. Ìbọn àwọn ará Kagoshima náà sì pa ọ̀gá ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì. Ìbọn kan náà, ọwọ́ kan náà, láàárín ọdún 12 péré! Kí ló wá dé tí ọ̀nà àwa àti wọn fi yà?

Àwọn alátakò wa a máa sọ pé Òyìnbó fẹ́ràn Jàpáànì ju wa lọ ni. Wọ́n ń tan yín jẹ ni. Òyìnbó kò fẹ́ràn Jàpáànì. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn ará Satsuma san owó ìtánràn, wọ́n gbé ìbínú mì, wọ́n sì wádìí ohun tí apá wọn kò ká. Ní 1865 wọ́n rán àwọn ọmọ wọn lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní ìkọ̀kọ̀ láti lọ kọ́ṣẹ́. Àwọn ará Choshu ti rán ọmọ márùn-ún tiwọn ṣáájú ní 1863. Ito Hirobumi wà nínú wọn, òun ló sì di olórí ìjọba àkọ́kọ́ ní 1885. Nígbà tí wọ́n la ọ̀nà reluwé láti Tokyo dé Yokohama ní 1872, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe ọ̀gá ẹlẹ́rọ. Owó oṣù ni wọ́n ń san fún un. Nígbà tí ọmọ wọn sì mọ iṣẹ́ náà tán, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ àlejò, wọ́n sìn ín dé èbúté.

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ pé àwọn baba wa kò mọ iyì ẹ̀kọ́. Herbert Macaulay lọ sí Plymouth ní 1890, ó kọ́ iṣẹ́ ẹlẹ́rọ níbẹ̀, ó sì padà wálé ní 1893. Kò yàtọ̀ sí àwọn ọmọ Satsuma. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ Jàpáànì padà délé, ìjọba ilẹ̀ rẹ̀ ló bá lórí àga. Nígbà tí Macaulay padà délé, abẹ́ Òyìnbó ni wọ́n fi í sí, ó sì kọ̀wé fiṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ ní 1898. Ọgbọ́n kan náà ni wọ́n kọ́. Ilé ni kò jẹ́ ti ẹni kan náà.

Ní 6 Oṣù Kẹjọ 1861, lábẹ́ ojú ìbọn ọkọ̀ ogun Prometheus, wọ́n mú Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tó fi Èkó lé Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Láti ọjọ́ náà lọ, owó ibodè Èkó di ohun tí ìjọba Òyìnbó fi ń gbọ́ bùkátà ara rẹ̀ lórí wa. Ṣùgbọ́n ní 1894 Jàpáànì gba ìwé àdéhùn tuntun lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀tọ́ ilé ẹjọ́ wọn sì padà sọ́wọ́ wọn ní 1899. Ní 1902 Gẹ̀ẹ́sì bá wọn mulẹ̀ láti máa gbè wọ́n bí ogun bá dé. Ní 1905 wọ́n fi ọkọ̀ ogun tí wọ́n kàn fún wọn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Rọ́ṣíà. Ní 1911 ẹ̀tọ́ àtipinnu owó ibodè padà sọ́wọ́ wọn pátápátá. Ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn èyí, ní 1914, ni Lugard so Gúúsù àti Àríwá wa pọ̀. Ọdún tí ẹnìkan gba kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ kò jìnnà sí ọdún tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ kan ti ilé tiwa méjèèjì, tí wọ́n sì mú un lọ sí Lọ́ńdọ̀nù.

AṢỌ TÍ WỌN KÒ JẸ́ KÍ A RÀ

Ẹ jẹ́ kí a wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ gbé kan àgbẹ̀ gan-an. Láti 1929 ni ọjà àgbáyé ti dẹnu kọlẹ̀. Owó kòkó já wálẹ̀, àgbẹ̀ tó ti ń kọ́lé alájà wá di ẹni tí ń ka tọ́rọ́ àti kọ́bọ̀. Àkókò náà gan-an ni aṣọ Jàpáànì ń dé sí èbúté Èkó. Aṣọ òwú rẹ̀ dé, bàtà rọ́bà rẹ̀ dé, ọ̀pọ̀ yẹbá yẹbá. Owó pọ́ọ́kú ni wọ́n ń tà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Mánṣẹ́sítà. Ẹni tí kò lè ra aṣọ Gẹ̀ẹ́sì mọ́ rí ohun fi bo ìhòòhò ọmọ rẹ̀.

Àwọn onílé iṣẹ́ aṣọ Lancashire fi igbe ta. Ní Oṣù Karùn-ún 1933, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún Jàpáànì ní ìkìlọ̀ ọdún kan pé òun yóò yọ àwọn ilẹ̀ òun ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kúrò nínú àdéhùn òwò 1911. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1934 wọ́n jókòó ìpàdé ní Lọ́ńdọ̀nù, ìpàdé sì fọ́. Ní 7 Oṣù Karùn-ún 1934, Walter Runciman, mínísítà ìṣòwò wọn, dìde ní ilé aṣòfin, ó ní a ó fi òdiwọ̀n sí aṣọ ilẹ̀ òkèèrè tó ń wọ àwọn ilẹ̀ abẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Iye tó ń wọlé láàárín 1927 sí 1931 ni wọn yóò fi ṣe ìwọ̀n.

Ẹ wo ọgbọ́n ẹ̀wẹ́. Ní àwọn ọdún tí wọ́n mú ṣe ìwọ̀n, aṣọ Jàpáànì kò tíì gbilẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ó dà bí ẹni tó fi ìwọ̀n aṣọ ọmọ ọwọ́ rán aṣọ fún géńdé. Òfin náà dárúkọ gbogbo ilẹ̀ òkèèrè, ṣùgbọ́n gbogbo ayé mọ orí ẹni tí kùmọ̀ náà máa bà. Aṣọ Jàpáànì wọ́n lọ́jà. Àgbẹ̀ tí owó kòkó rẹ̀ ti já wálẹ̀ tún padà sí ìdí aṣọ Mánṣẹ́sítà olówó gọbọi. Obìnrin aládìrẹ tó ń fẹ́ aṣọ funfun olówó pọ́ọ́kú láti rẹ sínú aró kò rí i rà mọ́ bó ti wù ú.

Ta ni wọ́n bi léèrè? Nínú Ìgbìmọ̀ Aṣòfin tí ìwé òfin 1922 dá sílẹ̀, ènìyàn mẹ́rin péré ni wọ́n ń dìbò yàn: mẹ́ta fún Èkó, ọ̀kan fún Calabar. Kò sí ẹyọ ẹnì kan tí àgbẹ̀ Ìbàdàn, ti Oǹdó, ti Ìjẹ̀bú tàbí ti Ẹ̀gbá dìbò yàn. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ló pọ̀ jù níbẹ̀, ohun tí Lọ́ńdọ̀nù bá sì fẹ́ ni wọ́n ń nawọ́ sí. Ní ilẹ̀ Ceylon, níbi tí aṣòfin ọmọ ìbílẹ̀ ti pọ̀, ìgbìmọ̀ wọn kọ òfin náà lójú ayé. Lọ́ńdọ̀nù fi àṣẹ ọba tì í mọ́ wọn lọ́rùn. Ní Kẹ́ńyà, Ùgáńdà àti Tanganyika, Gẹ̀ẹ́sì kò lè fi òdiwọ̀n náà lélẹ̀, nítorí pé ó ti bá àwọn Òyìnbó ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe àdéhùn lórí agbègbè Kóńgò pé gbogbo orílẹ̀-èdè ni yóò máa ṣòwò níbẹ̀ láìsí ìyàtọ̀. Ẹ gbọ́ o! Ọ̀rọ̀ tí Òyìnbó bá Òyìnbó sọ ló dáàbò bo ará Kẹ́ńyà. Àwa tí ìwé wa wà lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n dè mọ́lẹ̀.

A kò bínú sí òṣìṣẹ́ Lancashire. Ebi ń pa òun náà, àwọn ọmọ rẹ̀ ń sunkún. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó ké, ilé aṣòfin kan wà tó gbọ́ igbe rẹ̀. Nígbà tí àgbẹ̀ wa ké, ta ló gbọ́? Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹni tó ni ibodè àti ẹni tí kò ni ín nìyẹn.

Ẹ̀JẸ̀ TÍ A FI SAN GBÈSÈ ẸLÒMÍRÀN

Ìjà aṣọ di ìjà ìbọn. Ní Oṣù Kejìlá 1941 Jàpáànì kọlu àwọn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Ìlà-Oòrùn. Hong Kong ṣubú ní ọjọ́ Kérésìmesì. Singapore, tí Gẹ̀ẹ́sì ń fọ́nnu pé kò ṣeé gbà, ṣubú ní 15 Oṣù Kejì 1942. Bọ́mà náà tẹ̀ lé e. Ìgbà náà ni Gẹ̀ẹ́sì tó ti fi ẹnu ọ̀nà dínà fún wa láti bá Jàpáànì ṣòwò wá ṣílẹ̀kùn fún wa láti lọ bá Jàpáànì kú.

Ní 1943 wọ́n kó ẹgbẹ́ ọmọ ogun 81 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà jọ, wọ́n wà wọ́n lọ sí Íńdíà, láti ibẹ̀ dé àfonífojì Kaladan ní Arakan. Ẹgbẹ́ 82 tẹ̀ lé wọn. Ọmọ Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia ni wọ́n. Wọ́n fi ọkọ́ àti àdá la ọ̀nà ọkọ̀ tó gùn tó máìlì 75 gba orí òkè. Níbi tí ọkọ̀ kò lè dé, orí ni wọ́n fi ru ọta àti oúnjẹ. Fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ọ̀gá tó ń pàṣẹ fún wọn ló jẹ́ Òyìnbó, owó wọn kò sì tó ti ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì. Síbẹ̀ ní Oṣù Kìíní 1945, àwọn ni wọ́n gba Myohaung. Orúkọ yẹn ló wà lára bárékè Yábàá títí di òní.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀kan nínú wọn. Isaac Fadoyebo, ọmọ Emure-Ile lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, wọ iṣẹ́ ológun ní 1942 nígbà tí kò ju ọmọ ọdún 16 lọ. Ní Oṣù Kẹta 1944, Jàpáànì ba ní ibùba ní etí odò Kaladan, wọ́n sì yìnbọn fọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Òun àti David Kargbo, ọmọ Sierra Leone, ni wọ́n kù nínú igbó. Àwọn ará abúlé Mùsùlùmí kan ló fi wọ́n pa mọ́, tí wọ́n ń bọ́ wọn, fún nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ikú ni ìjìyà rẹ̀ bí Jàpáànì bá gbọ́. Ó padà wálé, ó kọ ìtàn náà sínú ìwé, ó sì kú ní 2012. Ẹ̀yin òbí, kí ni ọmọkùnrin Ọ̀wọ̀ bá Jàpáànì jà sí? Kò ní ilé iṣẹ́ aṣọ ní Lancashire. Kò ní oko rọ́bà ní Malaya. Ìjà ẹlẹ́jà ló gbà já, ẹsẹ̀ tirẹ̀ ló sì fi sanwó rẹ̀. Ní Taukkyan, ní Bọ́mà, orúkọ tó lé ní 26,000 ni wọ́n kọ sára òpó fún àwọn tí a kò mọ sàréè wọn. Orúkọ àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wà níbẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi èyí sọ Jàpáànì di olùgbàlà fún yín. Jàpáànì tí a jẹ lábẹ́ ìwé 1858 ni ó gba Taiwan ní 1895, tó sì gbé Kòríà mì ní 1910. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì tún májẹ̀mú rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ ṣe ní 1905, ó gbà kí Jàpáànì máa ṣe bó ti fẹ́ ní Kòríà. Ní ìpàdé àlàáfíà ní Paris ní 1919, Jàpáànì bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé orílẹ̀-èdè gbogbo dọ́gba láìwo àwọ̀. Ìbò 11 nínú 17 gbè é lẹ́yìn, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì kò gbè é, Wilson sì ní ìbò náà kò tó. Síbẹ̀ ẹni tí ń bẹ̀bẹ̀ fún ìdọ́gba ní Paris ló fi ẹsẹ̀ tẹ Kòríà mọ́lẹ̀ nílé. Kò sí olùgbàlà lókè òkun, ẹ̀yin ará. Ire tara rẹ̀ ni olúkúlùkù ń lépa.

Ọ̀TÁ ÀNÁ TI DI Ọ̀RẸ́

Ogun parí ní Oṣù Kẹjọ 1945. Ní 1951 wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní San Francisco, ní 1962 Gẹ̀ẹ́sì àti Jàpáànì tún ṣe àdéhùn òwò tuntun. Ní 1986, Gẹ̀ẹ́sì tó fi òdiwọ̀n sí aṣọ Jàpáànì nílé tiwa ló fi ìlù àti ìfọn ṣí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Nissan ní Sunderland, kí àwọn ọmọ rẹ̀ lè ríṣẹ́ ṣe. Ní 2020 wọ́n tún fọwọ́ sí àdéhùn òwò mìíràn. Ní Oṣù Kejìlá 2022, àwọn àti Ítálì kéde pé àwọn yóò jọ kan ọkọ̀ òfurufú ogun kan. Ní Oṣù Kìíní 2023 wọ́n gbà kí ọmọ ogun ẹnìkínní máa wọ ilẹ̀ ẹnìkejì. Àwọn tó pa ara wọn ní Bọ́mà ti ń jẹun nínú àwo kan. Kò burú. Àlàáfíà dára. Ṣùgbọ́n àwa tí a kú láàárín wọn, kí ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa?

Ní Oṣù Kẹjọ 2025, nígbà ìpàdé Jàpáànì àti Áfíríkà ní Yokohama, ilé iṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ Jàpáànì kéde pé ìlú Kisarazu ni yóò máa jẹ́ ilé fún ọmọ Nàìjíríà. Ijó bẹ́ sílẹ̀ ní Abuja, wọ́n ní ìwé ìwọ̀lú pàtàkì ń bọ̀. Jàpáànì ní kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀. Kí Oṣù Kẹsàn-án tó parí, wọ́n ti fagi lé gbogbo ètò náà, nítorí àwọn ará ilẹ̀ wọn fárígá. Ìtìjú ńlá ni. Ìlú tó ní ibodè mẹ́wàá ń jó nítorí ilé tí ẹnikẹ́ni kò fún un!

Àwọn alátakò yóò sọ pé a ti gba òmìnira láti 1960, pé ibodè ti di tiwa. Lóòótọ́ ni, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ wa. Ṣùgbọ́n kí la fi ń ṣe? Yànmọ̀tí tí àgbẹ̀ Nàìjíríà ń gbìn ń lọ sí Jàpáànì, wọ́n ń fún òróró rẹ̀ níbẹ̀. Ọkọ̀ tí àwọn ará ilẹ̀ òkèèrè ti lò kí ó tó sú wọn ń gba èbúté Èkó wọlé, a sì ń pè é ní tòkunbọ̀. Owó ibodè tí wọ́n ń gbà ní Àpápá kò kéré, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba Amukoko kọjá lásìkò òjò yóò bi ara rẹ̀ pé ìlú wo ló ń jẹ ẹ́. Àgbẹ̀ wo ló sì jókòó níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń pinnu ohun tí yóò wọlé àti ohun tí kò gbọdọ̀ wọlé?

OHUN TÍ A Ń BÉÈRÈ

Nítorí náà, ohun mẹ́rin ni ẹgbẹ́ wa ń béèrè, a kò sì ní yẹ̀ lórí rẹ̀.

Èkíní: kí ẹnikẹ́ni má ṣe fọwọ́ sí àdéhùn òwò kankan lórúkọ wa láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ tú u sí èdè tí àgbẹ̀ gbọ́, kí wọ́n sì jiyàn lé e lórí ní gbangba.

Èkejì: kí àwọn àgbẹ̀ àti òṣìṣẹ́ èbúté ní aṣojú tí wọ́n fúnra wọn yàn níbi tí wọ́n ti ń pinnu owó ibodè.

Ẹ̀kẹta: ilé iṣẹ́ òkèèrè tó bá fẹ́ jèrè lọ́dọ̀ wa, kí ó kọ́ àwọn ọmọ wa ní iṣẹ́ náà títí dé ìdí rẹ̀. Kí a ṣe bí Jàpáànì ti ṣe sí ẹlẹ́rọ Gẹ̀ẹ́sì ní 1872: kí a sanwó rẹ̀, kí a gba ọgbọ́n rẹ̀, kí a sì sìn ín sọ́nà pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Ẹ̀kẹrin: kí wọ́n kọ́ àwọn ọmọ wa nílé ìwé ní ìdí tí bárékè Àpápá fi ń jẹ́ Arakan, kí ọmọ Amukoko má baà kọjá lẹ́bàá ẹ̀jẹ̀ baba rẹ̀ lójoojúmọ́ láìmọ̀.

Bí erin méjì bá ń jà, koríko abẹ́ wọn ló ń fara gbá. Bí wọ́n bá sì rẹ́, tí wọ́n jọ ń jẹko, koríko yẹn kan náà ni wọ́n ń jẹ. A ti ṣe koríko ní 1934, a tún ṣe é ní 1944. Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ wá sí ìpàdé ẹ̀ka yín. Ẹ béèrè ìwé àdéhùn lọ́wọ́ àwọn aṣòfin yín, kí ẹ sì mú kí wọ́n kà á sí yín létí. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Àwa kò ní dákẹ́.